"Nee" orí pósítà òkú: orúnkún ni àbí orúkọ?

DísáínàBàsírì
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó san gbèsè tí mi ò jẹ. Iṣẹ́ dísáìn àti ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Bàsírì níbí l'Ádó, pósítà òkú, bánà ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìn, gbogbo ẹ̀ là ń tẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹbí kan láti Ìkéré gbé iṣẹ́ pósítà ìyá wọn wá, àwọn fúnra wọn ló tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bí mo ṣe rí i ni mo ṣe dà á sínú CorelDraw: MRS, orúkọ ọkọ, lẹ́yìn náà NEE AJEWOLE. Ajéwọlé yẹn kì í ṣe orúkọ wọn gan-an o, mo kàn fi rọ́pò ni, orúkọ tó pọ̀ káàkiri ni. Àbúrò tó gbé iṣẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dáa, mo tẹ 200. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ni ẹ̀gbọ́n wọn àgbà ti Èkó dé. Bàbá yìí fa jígí yọ lápò, ó wo pósítà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá fi ìka tẹ orí NEE, ó pè é bíi knee Gẹ̀ẹ́sì, ó ní "ta ló kọ èyí? Níbo ni àmì orí e wà? Ṣé orúnkún ìyá mi lẹ fẹ́ sin ni?" Ó ní kí n tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ṣé dandan ni àmì yẹn? Kí tiẹ̀ ni nee gan-an? Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí pósítà, mo rò pé ìgékúrú nǹkan kan ni, bíi N.E.E. Ta ló yẹ kó san owó bébà?

ỌmọÌjerò
Hahaha orúnkún ìyá mi kẹ̀! Bàbá yẹn ti gbé ìjà dání láti Èkó ni, ìwọ ló kàn kọ́kọ́ bá pàdé.

TísàÀgbàÌdó
Dísáínà, ẹ pẹ̀lẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Kì í ṣe ìgékúrú. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, Gẹ̀ẹ́sì yá a, kò sì dá a padà mọ́. Lédè Faransé, naître ni kí wọ́n bí èèyàn, née sì ni "ẹni tí a bí", obìnrin ni. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, e ẹyọ kan ni, né. E kejì tó wà nídìí ẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé obìnrin là ń wí. Tí wọ́n bá wá kọ ọ́ pé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, née Thomas, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilé Thomas ni wọ́n bí i sí kó tó di aya Ransome-Kútì. Marie Curie náà, née Skłodowska, torí ọmọ Poland ni kó tó lọ fẹ́ ọkọ ní Faransé. Orúkọ ìdílé tí wọ́n bí obìnrin sí ló ń tẹ̀lé e, ó parí. Kò sí Miss níbẹ̀, kò sí Chief, kò sí àmì tó-tò méjì. Mo ti rí "NEE: MISS" lórí bánà kan lọ́nà Ìwòrokò, mo sọ fún awakọ̀ pé kó dúró kí n wò ó dáadáa, ó rò pé mo mọ òkú náà.

Ní ti àmì orí e, àwọn ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba née, wọ́n gba nee. Ọ̀rọ̀ àyálò tó bá ti pẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì, àmì ẹ̀ máa ń gbọ̀n dànù bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ wo café, cafe lọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ báyìí, kò sẹ́ni tó ń bínú. Èyí tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi má yọ àmì ẹ̀ ni résumé, torí resume tí kò lámì, "tún bẹ̀rẹ̀ padà" ló ń jẹ́, ìwé ìwáṣẹ́ ẹni á wá di nǹkan míì. Nee ò ní irú wàhálà yẹn. Nítorí náà àmì dáa, èmi fúnra mi á fi sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi sí i kò ṣì í kọ.

Pípè ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹni tó ń pè é ní "níì" níwájú pẹpẹ, orúnkún gan-an ló ń pè. Ẹ pe neighbour kẹ́ ẹ sì gé e kó tó dé b, ibẹ̀ ni pípè née wà.

DísáínàBàsírì
Ẹ ṣé gan-an Tísà. Ṣé ẹ ò lè bá mi fi ohùn sọ ọ́ ránṣẹ́ sí bàbá yìí? Torí tí mo bá sọ ọ́, á ní dísáínà lásán làsàn ni mí.

Akíntọ́láÌkọ̀lé
Tísà, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Tí wọ́n bá yá èèyàn ní ẹ̀wù, ṣé ó lè já bọ́tìnnì ẹ̀ jù sílẹ̀ kó ní òun ṣì wọ̀ ọ́ dáadáa? Bí Faransé ṣe ń kọ ọ́ ni ká kọ ọ́. Bàbá yẹn tọ̀nà.

TísàÀgbàÌdó
Akíntọ́lá, tábìlì tẹ́ ẹ ń gbé oúnjẹ lé nílé, ṣé bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ ọ́ lẹ̀yin ṣe ń kọ ọ́? Ẹni tó yá nǹkan tó sì ti lò ó láti bí i ọ̀rúndún kejìdínlógún, ilé ẹ̀ nìyẹn.

ÌyáTáyélolú
Ẹ̀yin ń jà lórí àmì, ọ̀rọ̀ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ fún mi tó ju àmì lọ. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, mo fẹ́ kí báǹkì mi yí orúkọ mi padà. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, èmi náà ọlọ́gbọ́n, mo kọ orúkọ mi, orúkọ ọkọ mi, mo wá kọ nee àti orúkọ bàbá mi tẹ̀lé e, kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi kan náà ni. Ọmọkùnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ò bi mí ní nǹkan kan o, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ ràì, ó ń bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo lọ gba káàdì ATM. Mo wo iwájú ẹ̀. Wọ́n ti sọ mí ní Nee. Ó wà láàárín orúkọ mi àti orúkọ ilé ọkọ mi, lẹ́tà ńlá, ó ń dán, bí orúkọ tí wọ́n fi omi tútù àti oyin sọ.

Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín tán lọ́jọ́ tí ìwé míì ní kí orúkọ mi bá ti BVN mu. BVN ní kò mọ Nee. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní orúkọ tó wà lórí páyírólù ò bá ti báǹkì mu, owó oṣù mi dúró sí àárín ọ̀nà. Mo lọ mo bọ̀ ìgbà mẹ́rin, mo ṣàlàyé fún obìnrin kan ní ọ́fíìsì wọn pé nee yìí kì í ṣe orúkọ, ó ní "madam, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́ ni?" Kí ni kí n wí? Èmi ni mo kọ ọ́ lóòótọ́. Ó gba bí oṣù méjì kí Nee tó kúrò lára mi. Títí dòní ọkọ mi ń pè mí bẹ́ẹ̀ tí mo bá bínú, "Nee, oúnjẹ ńkọ́?"

ỌmọÌjerò
Ìyá Táyé, mo ti kú o. Nee Àbẹ̀kẹ́!

Lọ́yàAdó
Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí fún gbogbo obìnrin tó fẹ́ yí orúkọ. Née kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń kọ sínú fọ́ọ̀mù, àfi tí àyè orúkọ ìdílé àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà, orúkọ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ lọ búra ní kọ́ọ̀tù, ẹ gba àfídéfíìtì, ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn, ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ, "formerly known and addressed as Miss báyìí, now wish to be known and addressed as Mrs báyìí, all former documents remain valid". Ẹ ò ní rí née níbẹ̀, torí ìwé òfin ò fẹ́ ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé lè ṣì kà sí orúkọ. Ilé née ni ìwé ìkésíni, pósítà òkú, ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n tún fi èyí kún un, kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tó fi dandan lé e pé kí obìnrin jẹ́ orúkọ ọkọ.

Akíntọ́láÌkọ̀lé
Lọ́yà, èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó mi rí i.

ỌmọKùtọnu
Ẹ dákun, èmi gbé Kùtọnu fún ọdún mẹ́fà kí n tó padà wálé sí Ọ̀yẹ́, mo sì máa ń lọ ra ọjà ní Kétu lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá bíi tiwa. Ohun tí Tísà sọ tọ̀nà ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀ yìí, née ò dúró sórí orúkọ nìkan. Wọ́n lè ní née en 1938, ìyẹn ni pé wọ́n bí i ní 1938, wọ́n lè ní née à Kétou, wọ́n bí i ní Kétu. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni fún wọn. Ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì máa yá a, orúkọ nìkan ló mú níbẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí pósítà Gẹ̀ẹ́sì tó kọ "née 1938", ìyẹn ò dára, "born" ni kí wọ́n lò.

Lórí àmì, é ti Faransé kì í ṣe àmì ohùn bíi tiwa o. Tiwa ń sọ pé kí ohùn lọ sókè. Tiwọn ń sọ bí ẹnu ṣe máa là. É tiwọn ni e tiwa, è tiwọn ni ẹ tiwa. Ìdí nìyẹn tó fi dà mí lórí rú nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀hún, mo ń rí père, mo ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kà á. Àwọn Yorùbá Benin gan-an ò lo ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀, ɛ ni wọ́n ń kọ, ɔ dípò ọ.

Nǹkan míì, ẹni tó bá sọ fún yín pé Faransé kì í fi àmì sórí lẹ́tà ńlá, ìgbà táípúráítà ló ti gbọ́ ìyẹn, torí ẹ̀rọ ò lè ṣe é. Académie française, àwọn tó ń ṣàmójútó èdè Faransé, ní kí àmì wà lórí lẹ́tà ńlá pẹ̀lú, NÉE.

DísáínàBàsírì
Ehn ehn, ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárúkọ lẹ́tà ńlá. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Fọ́ǹtì ológe tí àwọn ẹbí yìí yàn, tí mo bá fi É sí i, àpótí òfìfo ló ń gbé jáde. Ṣé kí n wá kọ N, àpótí, E?

ỌmọÌjerò
Pósítà òkú tó ní àpótí nínú, ó bá a mu náà.

ÌyáTáyélolú
Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ!

Fẹ́míTọ́kọ̀ọ̀pútà
Ẹ̀gbọ́n dísáínà, ẹ yí fọ́ǹtì padà, àwọn fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ ológe yẹn, ABC lásán ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Lórí Windows ẹ di Alt mú, ẹ tẹ 0233 níbi nọ́ńbà apá ọ̀tún, é á jáde. Tó bá jẹ́ ńlá, 0201. Lórí fóònù, ẹ tẹ e kẹ́ ẹ má yọ ìka kúrò, gbogbo ìdílé e á tò jáde, ẹ mú èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Bùkọ́láẸ̀fọ̀n
Mo ti ń kà á láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n bèèrè ìbéèrè òmùgọ̀. Ṣé orúkọ ìdílé nìkan náà ló lè tẹ̀lé née? Ìyá mi àgbà, orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti kékeré ni Òjó, ìdílé wa ò ní orúkọ àpapọ̀ kankan nígbà yẹn, òyìnbó ìwé ló mú un wá. Ṣé a ò lè kọ née Òjó?

TísàÀgbàÌdó
Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀ rárá. Àwọn tó le koko lórí Gẹ̀ẹ́sì, àlàyé wọn ni pé wọ́n bí èèyàn pẹ̀lú orúkọ ìdílé ni, orúkọ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, nígbà ìsàmì. Nítorí náà wọ́n ní née Mary ò bá ọgbọ́n mu, torí wọn ò bí i ní Mary. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ.

Bùkọ́láẸ̀fọ̀n
Tísà, ẹ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Òjó ńkọ́? Orúkọ àmútọ̀runwá ni! Ẹni tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, tó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó ni, obìnrin, Àìná, àwọn ibòmíràn sì ń pe obìnrin ní Òjó náà. Táyé, Kẹ́hìndé, Ìgè, Dàda, Òkè, kò sẹ́ni tó dúró de ọjọ́ kẹjọ. Tó bá jẹ́ pé "orúkọ tí wọ́n bí i mọ́" ni née, àwa la ni ín jù.

TísàÀgbàÌdó
Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò ní ìdáhùn. Tí mo bá ṣì wà ní kíláàsì, mo máa fi ọjọ́ kan gbáko kọ́ àwọn ọmọ ní èyí.

AdémọlaỌ̀mùò
Ẹ ò tíì sọ ti ọkùnrin. Tísà ní né ni. Ǹjẹ́ wọ́n ń lò ó? Torí àwa tó ń gbé nílé Ògún, a mọ iye ẹni tó ti di Olú.

TísàÀgbàÌdó
Wọ́n ń lò ó, kò kàn wọ́pọ̀ ni. Muhammad Ali, né Cassius Clay. Bill Clinton náà, né Blythe, orúkọ ọkọ ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́ báyìí. Tí bùrọ́dá bá jẹ́ Ògúndáre tó lọ di Olúwadáre nítorí ṣọ́ọ̀ṣì, Olúwadáre né Ògúndáre ni, bí wọ́n bá fẹ́ kọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí bánà ìsọjí?

AdémọlaỌ̀mùò
😂😂 Wọ́n á lé dísáínà dé Ìtawurẹ́.

Mọ́remíÌkéré
Èmi ò tiẹ̀ mọ ìdí tá a fi ń lo née yìí rárá. Ìyá Èkìtì, tó fi ẹnu Èkìtì sọ̀rọ̀ láyé ẹ̀, tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní usu, ìgbà tó bá kú la máa lọ yá Faransé fún un. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀ a ṣo ni. "Ọmọ bíbí ilé Ajéwọlé", kí ló ṣe ìyẹn? Ẹnikẹ́ni tó bá dúró níwájú ògiri á kà á, á mọ̀, àwọn ará ilé bàbá màmá á sì wú, torí wọn ò fẹ́ràn kí òkú ọmọ wọn dà bí ẹni tí kò nílé àfi ilé ọkọ.

Àti pé, ẹ jẹ́ kí n bi dísáínà. Bàbá tó ní kẹ́ ẹ fi àmì sórí NEE yìí, ó rí AJEWOLE tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sọ nǹkan kan? Tí kò bá sí àmì, ta ló máa mọ̀ bóyá ajé ló wọlé ni tàbí àjẹ́?

ỌmọÌjerò
YEEPÀ

Akíntọ́láÌkọ̀lé
Ó ti tán o. Mi ò jà mọ́.

Fẹ́míTọ́kọ̀ọ̀pútà
Ẹ wá wo èyí tó dùn jù níbẹ̀. É tí bàbá ń wá kiri fún née, é kan náà gẹ́lẹ́ ló wà nínú Ajéwọlé, ẹ̀ẹ̀mejì! 0233 kan náà. Ọ̀fẹ́ ni. Àjẹ́ gan-an ló le láti tẹ̀, torí ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, èèyàn ní láti tẹ ẹ kó tó gbé àmì lé e lórí, ìdí nìyẹn tí àmì yẹn fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí bánà.

DísáínàBàsírì
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Bàbá wá ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mo gbé àga fún un, mo kí i dáadáa, mi ò bá a jiyàn nee rárá. Mo kàn fi ọwọ́ bo NEE lórí pósítà, mo ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ka èyí tó kù". Ó ka orúkọ. Ó dé Ajewole, ó dákẹ́. Ó bọ́ jígí, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní "àwọn ọmọ ìyá mi ò ka nǹkan kan kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ ni?" Mo ní sà, èmi náà yẹ kí n ti bèèrè. Ó jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tún sọ̀rọ̀.

A pín in: òun ra bébà, èmi ò gba owó iṣẹ́. Mo fi MọremíÌkéré ṣe àwòkọ, mo kọ "ọmọ bíbí ilé Ajéwọlé" pẹ̀lú gbogbo àmì ẹ̀, fọ́ǹtì gbalasa tó ṣe é kà. Ó ní kí n má yọ née kúrò ṣá o, pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀ láti Èkó, torí náà ó wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré, pẹ̀lú àmì. Ó wù ú bẹ́ẹ̀, owó bébà ẹ̀ ni.

Ìṣòro tó kù ni pé àbúrò tó gbé iṣẹ́ wá ò dúró gbọ́ ìjà, ó ti lẹ bí 60 nínú ti àkọ́kọ́ mọ́ ògiri káàkiri Ìkéré kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó dé Bàsírì.

Bùkọ́láẸ̀fọ̀n
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ó ku ti "Please RSVP" lórí ìwé ìkésíni tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ fún wa, torí "s'il vous plaît" tó wà nínú RSVP yẹn ti jẹ́ please tẹ́lẹ̀.

DísáínàBàsírì
Bùkọ́lá, ẹ jẹ́ kí n mí ná.

ỌmọÌjerò
Mo gba Ìkéré kọjá láàárọ̀ yìí. Mo rí méjèèjì lára ògiri kan náà, tuntun lókè, ti àkọ́kọ́ nísàlẹ̀. Ewúrẹ́ ti jẹ ti ìsàlẹ̀ dé Ajewole. NEE nìkan ló fi sílẹ̀.